Òṣé tí àlejò láti Trinidad pa, àti ọwọ́ àbúrò mi

Ìgbà tí obìnrin náà pòṣé ni mo tó gbójú sókè wò ó dáadáa. Láti ìgbà tó ti wọlé ló ti ń bá mi sọ Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì tó ń ròkè tó ń rodò bí ẹni ń kọrin, mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ tán. Mo ń wọn èjìká rẹ̀, tépù kọ́ mi lọ́rùn, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ mi, ni iná bá lọ. Ó fa eyín, ó pòṣé. Kì í ṣe òṣé kékeré. Èyí tó gùn ni, tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn eyín iwájú tó lọ parí sínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, irú èyí tí ìyá mi máa ń pa nígbà tí ẹni tó jẹ wọ́n lówó bá kọjá lójúde wa tí kò kí wọn.

Mo dáwọ́ dúró. Mo ní, "Mà, níbo lẹ ti kọ́ ìyẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní steups ni wọ́n ń pè é nílùú àwọn, pé ọmọ tó bá dán an wò níwájú àgbà yóò jẹ ìgbátí. Mo ní níbí náà.

Trinidad ni wọ́n bí i sí. Ó wá sí Òṣogbo fún ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ, ó sì yà sí Ìbàdàn kó tó padà. Oníbàárà mi kan ló mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Àdó pé kí n bá a rán ìró àti bùbá méjì. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù kí bàálù rẹ̀ gbéra. N kì í gba irú iṣẹ́ kánjúkánjú bẹ́ẹ̀ mọ́, ojú mi kò gbé e. Ṣùgbọ́n òṣé yẹn ti mú mi. Mo ní kó jókòó.

Nígbà tí mo sọ fún un pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣòro fún mi, ó ní kì í kúkú ṣe Gẹ̀ẹ́sì pátápátá. Orílẹ̀-èdè Trinidad àti Tobago jẹ́ erékùṣù méjì, Trinidad sì súnmọ́ Fẹnẹsúẹ́là débi pé níbi tí wọ́n ti kanra jù, kìlómítà 11 péré ló wà láàárín wọn. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ni gbogbo èèyàn ibẹ̀. Ìbàdàn nìkan ju gbogbo wọn lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìjọba àti ti ìwé. Èyí tí wọ́n ń sọ nílé, lọ́jà, nínú ìjà àti nínú ìfẹ́, tiwọn ni, ó ní ìlànà tirẹ̀. Ti Tobago sì yàtọ̀ sí ti Trinidad. Ó ní tí ará Tobago méjì bá ń yára sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀, òun náà á kàn máa mi orí ni.

Ó ní bí mo bá fẹ́ mọ ohun tí ojú ilẹ̀ náà ti rí, kí n kàn gbọ́ orúkọ ìlú wọn. Arima àti Tunapuna, àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ ló ni ín. San Fernando, Sípéènì. Blanchisseuse, Faransé, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni alágbàfọ̀. Mo fẹ́ràn èyí gan-an: odidi ìlú létí òkun tó ń jẹ́ Alágbàfọ̀. Sípéènì ló ni ibẹ̀ títí di 1797 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi gbà á, ṣùgbọ́n ní 1783 ọba Sípéènì ti ṣílẹ̀kùn fún àwọn àjèjì tó bá jẹ́ Kátólíìkì. Àwọn Faransé tó ní oko ní Martinique àti Grenada àti àwọn erékùṣù mìíràn wá kó ẹrú wọn dé. Báyìí ni ilẹ̀ Sípéènì, tó tún wá di ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe wá ń sọ Patois, èdè tí àwọn ẹrú fi ọ̀rọ̀ Faransé hun. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí Patois fi jẹ́ ohùn ìgboro. Lóde òní, orí òkè Paramin ni àwọn àgbàlagbà tó ń sọ ọ́ kù sí jù. Sípéènì pàápàá kò tíì lọ: orin parang tí wọ́n ń kọ láti ilé dé ilé nígbà Kérésìmesì, Sípéènì ni, àwọn ará Fẹnẹsúẹ́là sì tún ti ń wọlé wá. Ní 2019 nìkan, àwọn tí ìjọba forúkọ wọn sílẹ̀ lé ní 16,000.

Ó sọ gbogbo èyí níbi tí mo ti ń gé aṣọ. Mo gé apá bùbá kan sí òdì nítorí rẹ̀. Mo ní láti pààrọ̀ yáàdì kan.

Lọ́jọ́ kejì ó dé kí n tó ṣílẹ̀kùn. Ó ní òun ti jí ṣáájú dayclean. Mo ní kó tún un sọ. Dayclean. Kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo jókòó sórí àga ẹ̀rọ. Òyìnbó kì í sọ pé ọjọ́ mọ́, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tiwọn fún ìdájí. Àwa là ń sọ pé ilẹ̀ mọ́, àwa là ń sọ pé ojúmọ́ ire mọ́ wa, bí ẹni pé ẹnì kan fọ òru kúrò lára ayé. Aṣọ Òyìnbó ni, ṣùgbọ́n gígé ilé ni wọ́n gé e. Mi ò ní sọ pé ti Yorùbá nìkan ni o. Oríṣiríṣi ẹ̀yà ló wà nínú àwọn ọkọ̀ ojú omi wọ̀nyẹn, Yorùbá nìkan kọ́ ló sì ń sọ pé ilẹ̀ mọ́ ní Áfíríkà. Ṣùgbọ́n èmi gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn bí ohùn ẹni tí mo mọ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń tẹ́tí sí i bí ẹni tó ń ṣa ìlẹ̀kẹ̀ nínú iyanrìn. Ojú tí wọ́n fi ń mọ́ni lójú, cut-eye ni wọ́n ń pè é. Èésú, sou-sou. Wọ́n tiẹ̀ ń sọ pé àwọn ń ju sou-sou, bí àwa ṣe ń sọ pé à ń dá èésú, gbogbo ìlànà rẹ̀ sì rí bí a ṣe mọ̀ ọ́n, títí dórí ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹni tó kọ́kọ́ kó kò bá dá mọ́. Sàráà, saraka: wọ́n á se oúnjẹ, wọ́n á pe ọmọdé jẹun, wọ́n á rántí òkú. Ó sì ń pe èmi àti àbúrò mi ní allyuh. Ẹ̀yin ni. Gẹ̀ẹ́sì ilé ẹ̀kọ́ kò ní ẹ̀yin, kò mọ ẹnì kan yàtọ̀ sí èèyàn mẹ́wàá, wọ́n wá fọwọ́ ara wọn rán an. Mo sọ fún un pé níbí a máa ń fi ẹ̀yin bá àgbà kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní ìyẹn kò tẹ̀ lé wọn dé ọ̀hún, pé ó wu òun ì bá tẹ̀ lé wọn.

Mo rán ọmọọṣẹ́ mi sí Ìyá Alákàrà ní kọ̀rọ̀ wa. Àlejò mi ya àkàrà kan sí méjì, ó wo inú rẹ̀, ó tún ya òmíràn. Ó ní, "Ẹja dà?" Accra tiwọn, ìyẹ̀fun ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á wá fọ́ ẹja oníyọ̀ sí i. Ẹ̀wà ti jábọ́ lójú ọ̀nà, orúkọ nìkan ló dé. Ó jẹ mẹ́fà láìsí ẹja.

Àwọn tó gbé orúkọ náà dé ọ̀hún ńkọ́? Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan Ìbàdàn. Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí oko ẹrú ní Trinidad ní 1838. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ ogun wọn ṣì ń gba àwọn ọkọ̀ tó ń kó ẹrú lójú òkun, wọ́n ń sọ àwọn èèyàn inú wọn kalẹ̀ ní Sàró àti ní erékùṣù St Helena. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti kó àwọn kan lọ sí Trinidad láti ṣiṣẹ́ oko, títí di ọdún 1860 ó lé díẹ̀. Yorùbá pọ̀ nínú wọn gan-an. Kí ló kó wọn débẹ̀? Ogun. Ọ̀yọ́ Ilé tú, Òwu fọ́, àwọn ìlú Ẹ̀gbá fọ́, ọmọ ogun sì tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní nǹkan bí 1829. Ibùdó ogun ni ìlú tí mo ń gbé yìí nígbà náà. A máa ń fi oríkì Ìbàdàn yangàn, èmi náà ń yangàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin yìí dúró nínú ṣọ́ọ̀bù mi tó nawọ́ kí n wọn ọn, mo ronú pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ará ìlú mi kan ló ta baba ńlá rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní òun ti ro ìyẹn nínú ọkọ̀ láti Òṣogbo. Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Mo ń wọn ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Yarraba ni wọ́n ń pè wọ́n nínú ìwé àtijọ́. Wọ́n kọ́lé sí Belmont ní Port of Spain, wọ́n dáko lápá gúúsù, ní ẹ̀bá Gasparillo; apá kan ìlú Port of Spain tilẹ̀ jẹ́ Yoruba Village. Wọ́n bọ Ògún, wọ́n bọ Ọya, Ọ̀ṣun àti Yemọja, Ṣàngó sì gbajúmọ̀ débi pé orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ayé ń pe ẹ̀sìn náà nígbà náà. Ilé tí wọ́n ti ń ṣe ọdún rẹ̀ ń jẹ́ palais, ojúbọ ń jẹ́ chapelle, Patois ni méjèèjì. Orin inú rẹ̀ sì jẹ́ Yorùbá. Nígbà tí Maureen Warner-Lewis, ọmọ Trinidad àti Tobago tó di ọ̀jọ̀gbọ́n, lọ ń wá àwọn àgbàlagbà kiri ní Trinidad lápá ìparí ọdún 1960 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1970, ó bá àwọn tó ṣì mọ orin, tó mọ ọ̀rọ̀, tó mọ òwe. Ọmọ àti ọmọ ọmọ àwọn tó wọkọ̀ dé ni wọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí ilé tí wọ́n ti ń fi Yorùbá rán ọmọ níṣẹ́ mọ́.

Mo bi àlejò mi pé kí ló pa á. Ó ní ìyá-ìyá òun gbọ́ ọ. Tí ìyá náà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ owó, tàbí ọ̀rọ̀ oyún ẹni tí kò tíì lọ́kọ, wọ́n á yí sí Yarraba, wọ́n á lé ọmọdé síta. Ọ̀rọ̀ àṣírí ni. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n náà kú, kò sí ẹni tí ìyá-ìyá rẹ̀ máa sọ àṣírí fún mọ́. Ó ṣì ń kọrin ṣá.

Ó kọ ọ̀kan fún mi. Mo pa ẹ̀rọ. Mo gbọ́ Ògún, mo gbọ́ ohun tó jọ ọ̀nà, mo gbọ́ ilé. Èyí tó kù, ohùn ti sá lórí wọn. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ wa ṣe rí, bí ohùn bá kúrò lórí rẹ̀, ọkọ́ lè di ọkọ̀, ọkọ̀ lè di ọkọ. Ó ń wò mí lójú, ó ń retí kí n túmọ̀ rẹ̀. Mi ò lè túmọ̀ rẹ̀, ó sì dùn mí dé ọkàn. Òun gbé orin náà dé láti òdìkejì òkun, èmi tó wà nílé kò rí i gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ àwọn ará Íńdíà. Láti 1845 títí di 1917 ni wọ́n fi ń kó ará Íńdíà wá gé ìrèké ní Trinidad, wọ́n lé ní 140,000, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń sọ Bhojpuri. Lónìí, ìran wọn àti ìran àwa adúláwọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níbẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń pe ìyá baba wọn ní Aji. Ìyá tirẹ̀ ni wọ́n á máa pè ní Nani bó bá jẹ́ ará Íńdíà, nítorí Bhojpuri kì í da ìyá-baba àti ìyá-ìyá pọ̀. Àti Aji náà o! Ó ní nígbà tí Aji bá fẹ́ fọ̀rọ̀ pamọ́ fún àwọn ọmọ, Bhojpuri ló máa ń yí sí. Nísinsìnyí àwọn ọmọ náà mọ orúkọ oúnjẹ, wọ́n mọ orin ìgbéyàwó, ó tán.

Ó jẹ́ ohun kan náà, nínú ilé méjì tí kò jọra.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì yẹn ni ọ̀rọ̀ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ló ń fi ẹ̀rọ ṣe ọnà sí ọrùn aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù mi, kò sì sí ẹni tó ń ṣe ọnà agbádá bíi tirẹ̀ ní gbogbo òpópónà wa. Ibà kan ló mú etí rẹ̀ lọ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì. Àwọn kan ní àdúgbò ń pè é ní odi. Mo máa ń bá wọn jà. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, tó ń sọ ìtàn, tó ń bínú, tó ń báni ná ọjà, kì í ṣe odi.

Iná lọ, a sì ti fi jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ nítorí owó epo. Òkùnkùn ń bọ̀. Ẹni tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ kò lè sọ ọ́ lókùnkùn, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò rò rí nìyẹn. Àbúrò mi ṣe ohun tó máa ń ṣe: ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, ó fi ti ife omi kan lórí tábìlì, kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó wá bi mí bóyá okùn wúrà ni àbí ti fàdákà ni kí òun fi sí ọrùn bùbá. Òjìji ọwọ́ rẹ̀ ga dé àjà. Kí n tó dáhùn, àlejò mi ti bọ́ síwájú, ó na ọwọ́ tirẹ̀ sínú ìmọ́lẹ̀ náà, ó sì dá a lóhùn.

Àbúrò mi fò sókè. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà ìgbéyàwó rẹ̀.

Adití ni ẹ̀gbọ́n àlejò mi obìnrin. Láti kékeré ni wọ́n jọ ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán ara wọn wò, òun àti àbúrò mi: èyí ńkọ́, ìwọ ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń sọ èyí. Ìyá: wọ́n fi àtàńpàkò kan àgbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Baba: àtàńpàkò síwájú orí. Ó bá ara mu. Àwọn mìíràn kò bára mu rárá, àbúrò mi á sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, bí ọmọ tó ń kọ́ ABD.

Ohun tó mú wọn bára mu, ẹ̀yìn odò ló ti wá. Ní Ìbàdàn níbí, adití kan ló mú un wá: Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà adúláwọ̀, ọ̀kan lára àwọn ẹni dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960, èdè ọwọ́ Amẹ́ríkà ló sì fi kọ́ni, títí ó fi di ti adití káàkiri Nàìjíríà. Ní Trinidad, lẹ́yìn 1970 ni èdè ọwọ́ Amẹ́ríkà wọlé, ní nǹkan bí 1975. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọmọ Òkè-Àdó àti ọmọ Port of Spain fi àtàńpàkò kan àgbọ̀n pọ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tí kò bára mu ló wù mí jù. Ilé ẹ̀kọ́ adití àkọ́kọ́ ní Trinidad ṣí ní 1943, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ mọ́ àdúgbò Cascade. Ohun tí wọ́n ń wá fún àwọn ọmọ náà ni pé kí wọ́n máa wo ẹnu kí wọ́n sì máa fi ẹnu sọ̀rọ̀. Wọn kì í fi ọwọ́ kọ́ wọn. Kò sí olùkọ́ tó fún wọn ní èdè ọwọ́, kò sì sí òbí tó fún wọn. Àwọn ọmọ náà fún ara wọn. Ẹ̀gbọ́n àlejò mi wọ ilé ẹ̀kọ́ náà ṣáájú kí èdè Amẹ́ríkà tó dé. Ó ní ní kíláàsì, ọwọ́ á wà lórí tábìlì, jẹ́ẹ́. Lálẹ́, nínú yàrá tí wọ́n ń sùn, ọwọ́ á gbéra. Ọmọ ńlá á fi han ọmọ kékeré. Èyí tó bá dé ní ọdún yìí á gbà á lọ́wọ́ èyí tó dé lọ́dún tó kọjá. Báyìí ni èdè kan ṣe bẹ̀rẹ̀, tó dàgbà, tó ní orúkọ lónìí: Èdè Ọwọ́ Trinidad àti Tobago. Ti Amẹ́ríkà dé bá a nílé ni. Àwọn àgbà adití ṣì ń sọ ọ́, wọ́n ń dà á pọ̀ mọ́ ti Amẹ́ríkà.

Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Èdè tí àwọn àgbà Yarraba mọ̀ dáadáa, tí wọ́n gbé gba orí òkun kọjá nínú ìdè, wọ́n fi í pamọ́ fún ọmọ, ó sì tẹ̀ lé wọn wọ sàréè. Èdè tí àgbà kankan kò mọ̀, tí wọ́n ní kó má wáyé, ọmọdé fi fún ọmọdé, ó sì wà láàyè. Mo ń yí i padà nínú orí mi bí ẹni ń wá ojú aṣọ.

Torí èmi náà fi nǹkan pamọ́. Nígbà tí ọmọbìnrin mi wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó mú ìwé wálé pé kí n san owó ìtanràn nítorí ó sọ Yorùbá lákòókò oúnjẹ. Mo san án. Mo tún sọ fún un pé kó má sọ ọ́ mọ́. Láti ọjọ́ náà, Yorùbá di ohun tí èmi àti bàbá rẹ̀ fi ń sọ ọ̀rọ̀ owó ilé. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ohun tí ìyá-ìyá ẹnì kan ṣe ní Belmont ni mò ń ṣe ní Òkè-Àdó.

Ti àbúrò mi tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó tó lọ ilé ẹ̀kọ́ adití, òun àti èmi ní èdè tiwa. Ìyá wa ní pélé, ìlà mẹ́ta lóòró ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà bí àbúrò mi bá fẹ́ pe ìyá wa, á fi ìka mẹ́ta fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wálẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń gbé iṣu wá fún wa, ó ní àmì. Ọjọ́ Ẹtì ní àmì. Bí àlejò bá dé, bàbá wa á wo ọwọ́ rẹ̀, á sì ká ọwọ́ náà mọ́ itan rẹ̀ fún un, jẹ́jẹ́, láìlù ú. Wọn kò fẹ́ kí èèyàn wò ó. Bàbá wa fẹ́ràn rẹ̀ o. Ìtìjú ló ń ká a lọ́wọ́ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà sì dẹ́kun láti fi ọwọ́ dá a lóhùn níwájú àlejò. Nígbà tó ti ilé ẹ̀kọ́ dé pẹ̀lú èdè tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ, mo ti lọ kọ́ṣẹ́, mi ò kọ́ ọ. Ohun tí mo mọ̀ kò ju ti aṣọ lọ: okùn, ọrùn, ọ̀la, ó gùn, ó kúrú, owó.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, inú rẹ̀ dà rú ní òru, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan. Dókítà bi í níbo ló ń dùn ún, ó ṣàlàyé dáadáa, ó fi ọwọ́ sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń wá tó ń lọ, ohun tó jẹ. Dókítà wo èmi. Èmi wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọrùn aṣọ ni mo gbọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú. Ó yè é, Ọlọ́run ló ni ọpẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi wákàtí mẹ́rin wá ohun tó ti sọ ní ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Mo sọ ìtàn yìí fún àlejò mi. Ó ní ọ̀rọ̀ ògbufọ̀ ti pẹ́ nílùú àwọn. Ní 1869, olùkọ́ kan tó jẹ́ adúláwọ̀, J. J. Thomas, tẹ ìwé gírámà Patois jáde ní Port of Spain, nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń sọ pé Patois kì í ṣe èdè. Lára ohun tó ń dùn ún ni ti ilé ẹjọ́, níbi tí adájọ́ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹni tó ń jẹ́ ẹjọ́ ń sọ Patois, tí ìtumọ̀ sì ń ṣìnà láàárín wọn. Lónìí, Yunifásítì West Indies ní St Augustine ń kọ́ àwọn ògbufọ̀ èdè ọwọ́. Yunifásítì West Indies lápapọ̀ àti ti Ìbàdàn wa yìí, ọdún kan náà ni wọ́n dá wọn sílẹ̀, 1948, lábẹ́ ti London àwọn méjèèjì. Bí ọmọ ìyá ni wọ́n rí. Nàìjíríà náà ti ní òfin láti ìbẹ̀rẹ̀ 2019 pé a kò gbọ́dọ̀ fi àìlera dá ẹnikẹ́ni lọ́nà. Mo fẹ́ kí ògbufọ̀ wà ní gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìbàdàn lóru. Lóru ni mo sọ, kì í ṣe ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ nìkan.

Lọ́jọ́ kẹta, aṣọ pé. Okùn wúrà ni wọ́n jọ fẹnu kò sí, àbí kí n sọ pé wọ́n jọ fọwọ́ kò sí. Kó tó wọ ọkọ̀, àlejò mi bi àbúrò mi báwo ló ṣe ń pe ìyá tiwa gan-an, kì í ṣe ti ilé ẹ̀kọ́. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún un pé òmíràn wà. Àbúrò mi wo mí. Lẹ́yìn náà ó fi ìka mẹ́ta fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wálẹ̀, lójú títì, níwájú àlejò. Obìnrin náà fa tirẹ̀.

Ó ti pé oṣù méjì báyìí. Ó ń fi fídíò ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, obìnrin arúgbó díẹ̀ tó jókòó sí fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ yára bí ọwọ́ ẹni tó ń ṣa ìrẹsì. Ọmọ ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún márùn-ún, wà lọ́dọ̀ mi nígbà tí èyí tó kẹ́yìn dé. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ náà fà mí láṣọ, ó fi Yorùbá bi mí, "Màmá, kí ni wọ́n sọ?" Mo ní mi ò mọ̀, kó lọ bi wọ́n. Ó lọ dúró síwájú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, kò mọ ohun tó máa fi wọ́n ṣe.

Àbúrò mi fi fóònù ti ife omi, ó sì yí àga rẹ̀ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.